Alájọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà: ọdún kan àti oṣù méjì rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé alájọ wo ni mò ń bá dájọ, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Télọ̀ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Owó télọ̀ kì í wọlé bí owó oṣù, ọjọ́ tí wọ́n bá wá kó aṣọ ẹbí owó á kún dúrọ́ọ̀, ọjọ́ kejì èèyàn lè má rí tówó ẹ̀kọ, kó o sì tó ṣẹ́jú, tàná ti di ata, ó ti di epo jẹnẹrétọ̀, ó ti di èyí tí ẹnì kan wá yá.

Ìyá Alájọ (orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n nìyẹn) máa ń dé ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Wọ́n á fún ẹ ní káàdì tó ní ojú ilé 31, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ iye tó o fẹ́ máa dá. ₦500 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti wà lórí ₦1,000 báyìí. Tí ojú ilé yẹn bá kún, ₦31,000 nìyẹn, wọ́n á mú ti ọjọ́ kan, ₦1,000, èmi á kó ₦30,000. Kò sí èlé kankan níbẹ̀ o.

Àwọn kan ti bú mi pé kí ló dé tí mò ń sanwó fún ẹni tó ń bá mi tọ́jú owó ara mi. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti lo kóló rí, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń fa owó ẹ̀ yọ tí nǹkan bá le, torí ọ̀dọ̀ mi ló wà, owó tó bá sì wà nítòsí ọwọ́ èèyàn kò tíì di owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Àmọ́ tí Ìyá Alájọ bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní "Aǹtí télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, tòní ńkọ́?", ojú á tì mí láti sọ pé kò sí. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rìn yẹn ni mò ń san ₦1,000 fún, ó sì tọ́ sí wọn.

Àbúrò mi ti fi PiggyVest, áàpù tí wọ́n fi ń tọ́jú owó, sórí fóònù mi, ó dáa, wọ́n ń fún èèyàn lélé, o sì lè ti owó pa títí di ọjọ́ tó o bá dá. Mo gbọ́ pé àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016 gan-an, kóló onígi ló fún wọn ní èrò ẹ̀. Mo ń fi owó ilé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kéṣì lèyí tó pọ̀ nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi ń san, kéṣì yẹn kì í sì í dé bánkì kó tó tán. Éésú, tí èèyàn púpọ̀ máa ń dá owó jọ tí ẹnì kan á sì kó gbogbo ẹ̀ nígbà tó bá kàn án, náà ò bá mi lára mu, ìgbà tó o nílò owó lè máà jẹ́ ìgbà tó kàn ẹ́.

Ẹ ṣọ́ra ṣá o. Alájọ tí mo kọ́kọ́ bá ṣe kó owó wa lọ nínú oṣù Kejìlá, ₦45,000 tèmi wà níbẹ̀, mo sunkún gan-an. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ débi tí Ìyá Alájọ ń gbé, mo bi àwọn tó ti ń bá wọn dá a fún ọdún mẹ́fà, mo sì ń rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì mi àti sínú ìwé tiwọn lójú mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orí ẹni pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó gbowó ọdún mẹ́ta láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣi ẹnì kankan san. Èmi o, bíírò ni mo fẹ́ rí.

Ohun tí mi ò fẹ́ lọ́dọ̀ wọn: tí òjò bá rọ̀, wọn kì í wá, ọjọ́ kejì mo á wá san ti ọjọ́ méjì pọ̀, ìyẹn sì máa ń ni mí lára. Ìgbà kan sì wà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fi owó mi falẹ̀. Mo sì sábà máa ń kó tèmi gbàrà tó bá pé, torí ₦30,000 ọdún tó kọjá kọ́ ni ti ọdún yìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá mo kó ti oṣù méjì pọ̀, mo fi san owó iléèwé àwọn ọmọ mi méjèèjì láìyá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì ń gba èèyàn tuntun, ẹni tó bá fẹ́ kó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́rin, màá fi í mọ̀ wọ́n.