Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wo ni kò ní ba háídírójìn yín jẹ́?

Ẹ lè ra háídírójìn tó mọ́ lóló, kí ẹ̀rọ tó ń fún un pọ̀ kó ẹ̀gbin bá a. Òṣùwọ̀n ISO 14687 ní kí háídírójìn ọkọ̀ jẹ́ 99.97% ó kéré tán, àmọ́ ohun tó le níbẹ̀ ni imí-ọjọ́: kò gbọdọ̀ ju 0.004 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀ọ̀lì ẹ̀rọ sì sábà máa ń ní imí-ọjọ́. Tó bá dé inú fuel cell, ẹ̀rọ tó ń sọ háídírójìn di iná mànàmáná nínú ọkọ̀, á lẹ̀ mọ́ pílátínọ̀ọ̀mù ibẹ̀, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì.

Písítìn tó ń lo ọ̀ọ̀lì nínú sìlíńdà: ẹ fi í sílẹ̀. Aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Wọ́n á ní asẹ́ wà. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí asẹ́ bá kún.

Písítìn gbígbẹ ò ní ọ̀ọ̀lì nínú sìlíńdà. PTFE ni ríìngì rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń bo fráìpáànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Ríìngì yìí ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń já ìyẹ̀fun sínú gáàsì, nítorí náà asẹ́ di dandan. Ẹ wo ìdí ọ̀pá písítìn náà dáadáa, torí ọ̀ọ̀lì ìsàlẹ̀ lè gun ọ̀pá náà wá sókè bí àlàfo tó yẹ kò bá sí láàárín.

Nínú èyí tó ń lo awẹ́ irin, tí wọ́n ń pè ní diaphragm, gáàsì ò fojú kan ọ̀ọ̀lì rárá. Awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ọ̀ọ̀lì ń ti ẹ̀yìn wọn. Bí ọ̀kan bá sán, nǹkan á jò sí àárín wọn, mítà ibẹ̀ á sọ sókè, ẹ̀rọ á sì dúró kí gáàsì tó bàjẹ́. Èmi fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń jẹ́wọ́ báyìí. Àmọ́ kò fẹ́ títàn-pípa. Ìyẹn ló ń yára sán an.

Iléeṣẹ́ Linde ní tiwọn fi iyọ̀ olómi tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ rọ́pò orí písítìn. Ó mọ́ gan-an. Ẹ kàn rí i pé ẹni tó lè tún un ṣe wà nítòsí.

Fún bọ́ọ̀sì tó ń gba 350 bar (bar ni ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fún gáàsì pọ̀ tó), tí gáàsì púpọ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, písítìn gbígbẹ tó. Fún ọkọ̀ kékeré bíi Toyota Mirai, tó ń gba 700 bar, awẹ́ irin ni kí ẹ rà, kí ẹ fi táǹkì ńlá kún un kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ pẹ́ kó tó sinmi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà fi ibi tí wọ́n ti ń bu gáàsì fún àyẹ̀wò hàn yín. Tó bá jẹ́ ibi tí gáàsì ò tíì wọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló nà sí, ẹ ní kó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀pá tó ń bu gáàsì sínú ọkọ̀.