Mada Masr: ìwé ìròyìn tó jẹ́ kí Íjíbítì yé mi

Mo kàwé ní Yunifásítì Al-Azhar ní Káírò láti 2015 sí 2020. Hayy al-Ashir ní Nasr City ni mò ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣe ilé. Lọ́dún àkọ́kọ́, inú ìlú ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń lọ nínú ìlú. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń jẹ fúúlù, ẹ̀wà àwọn ará Íjíbítì, á sọ tiẹ̀, awakọ̀ takisí á sọ tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú, ohun tí mò ń ṣe sì nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Mada Masr. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Íjíbítì jọ̀wọ́ iye owó wọn fún ọjà láti pinnu. Dọ́là kan kò tó gìnéè 9 tẹ́lẹ̀, gìnéè ni owó Íjíbítì. Kí ọdún tó parí ó ti lé ní 18. Ṣúgà ti wọ́n gógó kó tó dìgbà yẹn, owó ìrànwọ́ wa sì wà bó ṣe wà. Ẹnì kan tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Sudan, ló fi àlàyé kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo kà á tán lóru ọjọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìwé ìròyìn kan tó mú ọ̀rọ̀ báńkì, tó sì tẹ̀ lé e débi àwo oúnjẹ mi.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní Egypt Independent, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti ilé iṣẹ́ Al-Masry Al-Youm. Nígbà tí wọ́n pa ìyẹn dé ní Oṣù Kẹrin 2013, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gbé tiwọn kalẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. 30 Oṣù Kẹfà 2013 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an tí èrò tú síta pé kí Mohamed Morsi gbé àga ààrẹ sílẹ̀. Lina Attalah ni olóòtú àgbà wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Èyí wúlò fún mi ju bí mo ṣe rò lọ: mo máa ń ṣí méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ Lárúbáwá ilé ẹjọ́, ti báńkì àti ti ọjà, tí a kì í kọ́ nínú ìwé fíkíù, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù.

Alẹ́ 24 Oṣù Karùn-ún 2017, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká gba ààwẹ̀. Mo tẹ àdírẹ́sì wọn, kò ṣí. Mo rò pé dátà mi ló tán. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó gbọ́ pé ìjọba ti dí ojú ọ̀nà ìkànnì bíi 20 láìsí ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Al Jazeera náà wà níbẹ̀. Àwọn Mada Masr bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn wọn sórí Facebook, wọ́n ń fi àdírẹ́sì mìíràn síta, àwa tó ń kà wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń lo VPN, ètò orí fóònù tó ń jẹ́ kéèyàn wọ ìkànnì tí wọ́n ti dí. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí mo ṣe ń kà á nìyẹn.

Ó yẹ kí ẹni tó ń kà wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń ná wọn. Ní Oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n kọ̀wé nípa ọmọ ààrẹ, Mahmoud al-Sisi, pé wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Moscow. Láìpẹ́, àwọn agbófinró wá mú olóòtú wọn kan, Shady Zalat, nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn agbófinró tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n gba fóònù àti kọ̀ǹpútà, wọ́n há òṣìṣẹ́ mọ́ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì mú mẹ́ta lọ, Lina Attalah wà nínú wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ní Oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n tún mú Attalah níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Tora, níbi tó ti ń fọ̀rọ̀ wá Laila Soueif lẹ́nu wò, ìyá Alaa Abdel Fattah, ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Gìnéè 2,000 ni wọ́n fi gba onídùúró rẹ̀. Mo wà ní Káírò nígbà méjèèjì, àyà mi sì já.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn ni pé wọ́n máa ń sọ bí wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n kọ. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá ní kí wọ́n má dárúkọ òun, wọ́n á sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ìdí tó fi fara pa mọ́. Ìròyìn wọn gùn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà nínú ọkọ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹni tó ń wá àbájáde eré bọ́ọ̀lù Al Ahly àti Zamalek, ibòmíràn ni kó lọ. Fún ọ̀rọ̀ Sudan, mi ò tíì rí èyí tó tó Sudan Nashra, àkójọ ìròyìn wọn lórí Sudan, láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ ní Oṣù Kẹrin 2023.

Ẹ ò ní sanwó kẹ́ ẹ tó kà á. Wọ́n ní ètò ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ tì wọ́n lẹ́yìn. Káàdì báńkì mi ní Nàìjíríà kọ̀ láti san án, ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham ló bá mi san án.

Ìbàdàn ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ sí Al-Azhar. Ní 6 Oṣù Kẹta 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi gìnéè 31, ó di nǹkan bíi 50 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ kan pè mí tẹkúntẹkún pé ṣé ìlú náà ti dàrú ni. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ras al-Hekma létí òkun, tí Abu Dhabi fẹ́ fi bílíọ̀nù 35 dọ́là dá lé, àti ti owó tí IMF, àjọ ìṣúná àgbáyé, fẹ́ yá Íjíbítì, tó kúrò ní bílíọ̀nù 3 dọ́là bọ́ sí 8, nítorí náà mo lè ṣàlàyé fún un: dọ́là tó fi ránṣẹ́ sọ́mọ rẹ̀ á ra gìnéè púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọjà á gbówó lórí tẹ̀ lé e, kó má tíì dín owó ọmọ kù. Ọmọ mìíràn ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ àdírẹ́sì Mada Masr sínú ìwé fún un, mo sì ní kó fi VPN sórí fóònù rẹ̀ kó tó wọ bàálù n'Íkẹjà.