Man of Steel: Superman níwájú àlùfáà

Fíìmù yìí, tó jáde lọ́dún 2013, dùn mọ́ mi gan-an, pàápàá ibi tí Clark, ìyẹn Superman fúnra rẹ̀, ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá àlùfáà. Ẹ wo gíláàsì fèrèsé tó wà lẹ́yìn Clark dáadáa: Jésù ni wọ́n yà síbẹ̀, tó ń gbàdúrà ní Gẹtisémánì. Ọdún 33 ni Clark náà sì ti lò láyé. Orí mi wú!

Àmọ́ ìparí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣe ni Clark ṣẹ́ Zod, ọ̀tá rẹ̀, lọ́rùn kó tó lè gba ẹbí kan là. Ó figbe ta lóòótọ́, ó dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n Olùgbàlà tí mo mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló ta sílẹ̀, ó tún tọrọ ìdáríjì fáwọn tó kàn án mọ́ igi. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ wò ó.