Ẹ ṣọ́ra o: ọta .22 "àṣàyàn" tí wọ́n ń tún dì, gbájúẹ̀ ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń fi ìbọn .22 yin àmì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ọta kankan tí wọ́n bá ní àwọn ti bá yín ṣà. Wọ́n ti fi lù mí ní jìbìtì. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi torí ọ̀rọ̀ owó náà ṣì wà lọ́wọ́ báńkì, àmọ́ ọgbọ́n tó fi mú mi ni mo fẹ́ tú síta, torí mi ò rò pé òun nìkan ló ń lò ó.

Inú páálí oníke funfun ni bọ̀bọ́ yìí ń kó ọta ẹ̀ sí, 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò bí eyín. Ó wá lẹ bébà mọ́ ọn pé òun ti fi géèjì wọn etí ìdí wọn, òun ti gbé wọn sórí síkéèlì níkọ̀ọ̀kan, òun tún ti fi irinṣẹ́ tẹ imú wọn kí wọ́n lè máa lọ tààrà. Ó tiẹ̀ kọ "40 grian" dípò grain, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta, mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo ṣì sanwó. Ìlọ́po mẹ́ta owó ọta lásán ló gbà lọ́wọ́ mi o. Èmi náà sì máa ń jókòó wọn ọta lóru títí ọrùn á fi máa ro mí, mo wá ní tẹ́nì kan bá ti bá mi ṣe é, ṣebí ìsinmi dé. Ọ̀lẹ ló tì mí síbẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Mo yin páálí àkọ́kọ́ ní mítà 50, ihò fọ́n káàkiri bébà, òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ìbọn kan náà tó ń kó ihò márùn-ún sójú kan pẹ̀lú ọta tí mo mọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta síwájú ẹ̀, ọ̀kan sá 318 mítà ní sẹ́kọ́ńdù kan, èyí tó tẹ̀ lé e sá 341. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní kí ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ mítà 10 péré nínú eré yẹn, tọ́ta bá fi máa dé mítà 50, èyí tó lọ́ra á ti fi bíi mílímítà 7 wálẹ̀ ju ìkejì ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ojú 10 tí wọ́n ń yìn nínú ìdíje Olympics ò fẹ̀ ju mílímítà 10.4 lọ. Eré 341 yẹn sì ti wọ ibi tí ìró ń sá dé, ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń ṣe ọta ìdíje máa ń sá fún torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbọn ọta.

Ni mo bá da páálí kejì sórí tábìlì. Áà! Oríṣi lẹ́tà méjì ló wà nídìí ọta inú páálí kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ méjì ló da pọ̀. Etí ìdí tó ní ọgbọọgba ni, mo wọ̀n ọ́n, ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.96, òmíì 1.05. Ìda tó yẹ kó wà lára òjé, ìyẹn orí ọta tó ń fò jáde, ti nù kúrò níbi tó ti ń fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, òjé á wá máa lẹ̀ mọ́ inú ìbọn yín. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí mo fi ìka yí òjé wọn, tó ń yí nínú idẹ tó gbé e dání.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tí etí ìdí wọn ti tẹ̀ wọnú. Ẹ rántí pé ọta .22 ò ní ohun tó ń tanná láàárín ìdí bíi tàwọn ọta ńlá, inú etí yẹn gan-an ni wọ́n rọ ohun tó ń bú sí. Téèyàn bá fún un mọ́lẹ̀ jù, ó lè dún mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ò bá sì dún, ẹ lè fa ìbọn kó kọ̀. Tèmi kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò yin èyí tó kù mọ́, mi ò sì tú u, mo kó o fáwọn tó ń bójú tó ibi tá a ti ń yìnbọn kí wọ́n bá mi run ún.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ síkéèlì yẹn náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi èdè dídùn mú èèyàn. Òjé nìkan tó bíi 40 grain, ìyẹn bíi gíráàmù 2.6, ẹ̀tù inú ẹ̀ ò ju grain kan sí méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé odindi ọta sórí síkéèlì tẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ díẹ̀, ṣé idẹ ló nípọn ni, àbí òjé ló pọ̀, àbí ẹ̀tù? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Wíwọn etí ìdí ṣì ní ìwúlò lójú tèmi, ó máa ń jẹ́ kéèyàn yọ àwọn tó yàtọ̀ pátápátá kúrò nínú ọta olówó pọ́ọ́kú, àmọ́ kò ní sọ ọ́ di ọta ìdíje láéláé.

Lọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ máa wò, ìyẹn àwọn ọta tí iléeṣẹ́ ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sára páálí tí wọn ò tíì tú, torí ọta kan náà láti iléeṣẹ́ kan náà, lọ́ọ̀tì kan lè bá ìbọn yín mu kí ìkejì má bá a mu rárá. Eley àti Lapua, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọta, tiẹ̀ níbi téèyàn ti lè gbé ìbọn ẹ̀ lọ dán oríṣiríṣi lọ́ọ̀tì wò kó tó rà. Ẹni tí ò bá lè ṣèyẹn, kó ra páálí kọ̀ọ̀kan nínú lọ́ọ̀tì bíi mẹ́ta mẹ́rin, kó yìn wọ́n, kó tètè padà lọ kó èyí tó dáa kó tó tán lọ́jà.

Mo béèrè nọ́ńbà lọ́ọ̀tì lọ́wọ́ bọ̀bọ́ yìí, ó ní òun ti da páálí iléeṣẹ́ nù "kó lè mọ́ lójú". Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní ìbọn mi ló ti gbó, ó ní kí n yin igba sí i kí ìbọn fi mọ ọta òun. Ìgbà tí mo fi fọ́tò ìdí ọta oríṣi méjì yẹn ránṣẹ́, ó blọ́ọ̀kì mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí páálí oníke funfun yẹn lórúkọ mìíràn, bébà ẹ̀ ti di aláwọ̀ búlúù, wọ́n ní ọ̀gá àgbà kan ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣà á. Mo sún un mọ́ ojú dáadáa. "40 grian."