Ìtọ́jú anorexia tí ọmọ wa gbà ní Lọ́ńdọ̀nù: oúnjẹ ni oògùn

Ọmọ ọdún 14 ni àkọ́bí mi nígbà tí anorexia, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀, mú un tí nǹkan oṣù rẹ̀ fi dúró. Irun rẹ̀ ń já, òtútù ń mú un nínú ooru oṣù kẹfà, síbẹ̀ ó ń sọ fún wa pé òun ti jẹun nílé ìwé. Ìyá ọkọ mi ní kí a gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àdúrà kò kúrò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò wa, ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ìtọ́jú ìdílé ni wọ́n fún wa. Ilé ìwòsàn Maudsley nílùú yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìlànà ọdún 2017 ti NICE, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi í ṣáájú fún àwọn ọmọdé: ìjókòó 18 sí 20 láàárín ọdún kan. NHS, ètò ìlera ìjọba, ló sanwó rẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ pé wọn yóò bi mí ohun tí mo fi ọmọ ṣe. Wọn ò bi mí. Obìnrin tó ń tọ́jú wa ní ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Àìsàn ló ti gba ọmọ náà mọ́ wa lọ́wọ́, èmi àti bàbá rẹ̀ la ó sì gbà á padà. Ó ní oúnjẹ ni oògùn, ẹ̀yin lẹ ó máa bù ú, ẹ̀yin lẹ ó jókòó tì í títí yóò fi tán. Mo sunkún. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé ni kí n fún ọmọ lóúnjẹ, ìṣojú mi náà ni ebi ṣe fẹ́ pa á.

Nígbà ìjókòó kejì, wọ́n ní kí a gbé oúnjẹ wá. Mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo dín dòdò, mo fi adìyẹ sí i. Ọmọ mi jẹ ṣíbí mẹ́rin, ó gbé ṣíbí jù sílẹ̀. Àwa ni obìnrin náà yíjú sí: ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ rí i pé ó jẹ ẹ̀kún ṣíbí kan sí i ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú. Gbólóhùn kan náà ni bàbá rẹ̀ ń tún sọ, èmi ń fi oríkì pè é, "Àjíkẹ́, jẹ ẹ́ fún mi." Ó pariwo pé òun kórìíra wa. Nígbà tó yá, ó jẹ ẹ́.

Bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ọkọ mi yí iṣẹ́ rẹ̀ sí alẹ́ kó lè máa jẹun ọ̀sán pẹ̀lú rẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé ìwé. Àbúrò Àjíkẹ́ ọkùnrin, lúdò ni tirẹ̀: kó máa bá a ta á lẹ́yìn oúnjẹ, kó má dá sí ọ̀rọ̀ jíjẹ rárá. Ìlànà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, nítorí ọmọ náà ti ń ṣọ́ àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

Ohun tó dùn mí ni ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún wa: búrẹ́dì àti pásítà lásán. Èmi ni mo di ẹ̀bà, mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lọ bá onímọ̀ oúnjẹ wọn kó tó bá wa ṣírò wọn. Ẹ̀gúsí ló wá gbà wá jù, nítorí òróró inú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti fún un lágbára púpọ̀. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni ìjókòó máa ń bọ́ sí pẹ̀lú, owó iṣẹ́ tí mo pàdánù kò kéré. Ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ yóò nílò ẹni tí yóò dúró tì í.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá jíjẹ padà sí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti orí ìpápánu ilé ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, ó dín dòdò tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ láìwo ojú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá GP yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń dákú, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan láti ilé ìwòsàn. Ẹ gbé e lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀.