RAPD tàbí STRAf: láàbù méjì tí mo fi Aspergillus dán wò

Iṣẹ́ mi ni láti wá ibi tí àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń wọ ilé ìwòsàn. Láàbù tó bá fẹ́ máa bá mi ṣe àyẹ̀wò DNA, mo máa ń dán an wò ná. Màá pín ẹ̀yà kan ṣoṣo ti Aspergillus fumigatus, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, sí ìgò méjì, màá kọ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn lára, n ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

RAPD ni láàbù àkọ́kọ́ ń lò: wọ́n ń fi primer, ègé DNA kékeré, ṣe ẹ̀dà àwọn apá kan nínú DNA fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n á sì fi àwọn ìlà tó bá yọ lórí gel, ohun bíi jẹ́lì, dá ẹ̀yà mọ̀. Kò wọ́n, ó sì yá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ìgò méjèèjì! Kò yà mí lẹ́nu. Primer RAPD kúrú, nǹkan bíi lẹ́tà 10 péré, ooru tí wọ́n fi ń so ó mọ́ DNA sì lọ sílẹ̀ débi pé ó lè lẹ̀ mọ́ ibi tí kò bá a mu tán. Bí magnesium bá yàtọ̀ díẹ̀, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ PCR tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, àwọn ìlà orí gel lè yí pa dà. Ìlà tó bá hàn bàìbàì, ẹnì kan á kà á, ẹlòmíì á fò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi irú èsì yìí nìkan ti wọ́ọ̀dù pa.

Láàbù kejì ń lo STRAf, tó ti wà láti 2005. Ibi 9 ló ń yẹ̀ wò nínú DNA, níbi tí àwọn lẹ́tà kan ti ń tún ara wọn tò léraléra. Iye ìgbà náà ni wọ́n ń kà. Nọ́ńbà lèsì rẹ̀, èyí ló jẹ́ kó ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti láàbù mìíràn, tí òṣùwọ̀n wọn bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan. Ìgò mi méjèèjì bára mu níbi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Inú mi dùn gan-an.

Ohun tó ń dùn mí ni fọ́ọ̀mù wọn: ẹyọ Aspergillus kan péré ni wọ́n ń gbà látọ̀dọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ kún fún spore Aspergillus, hóró tíntìntín tó fi ń tàn kálẹ̀, ẹnì kan sì lè ní oríṣiríṣi ẹ̀yà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹyọ yẹn kò bá bá èyí tí wọ́n rí nínú ilé ìwòsàn mu, ìyẹn ò tíì dá ilé ìwòsàn náà láre. Ẹ ní kí wọ́n gba mélòó kan.

A. fumigatus nìkan ni STRAf wà fún o. Tó bá jẹ́ Candida auris, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, jínómù lódindi, ìyẹn gbogbo DNA rẹ̀, ni kí ẹ ní kí wọ́n kà. Kíka jínómù lódindi náà ló fi hàn, nígbà tí abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì tó lábàwọ́n fa àrùn yírunyírun ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, pé fọ́ńgọ́ọ̀sì Exserohilum rostratum ara àwọn aláìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra rárá.