Unilorin àbí KWASU? Ìfiwéra fún ẹni tí owó máa jáde lápò rẹ̀

Bí JAMB bá ti ṣí fọ́ọ̀mù sílẹ̀ báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn ará ilé wa ní Òmù-Àrán, Ajàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí nítorí pé Tánkẹ́, àdúgbò kan ní Ìlọrin, ni mò ń gbé: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dáa nínú Unilorin àti KWASU?" Fásitì Ìlọrin ni wọ́n ń pè ní Unilorin, Fásitì Ìpínlẹ̀ Kwara sì ni KWASU. Bí mo bá fi ẹnu kan dá wọn lóhùn, irọ́ ni mo pa. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kadà kì í béèrè èyí tó dáa lásán. Á wo ọ̀nà oko rẹ̀, á wo bó ṣe ń mu epo sí, á wo bóyá mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà nítòsí. Bí a ṣe ń ra ilé-ìwé náà nìyẹn. Owó tí wọ́n kọ sórí ìwé ni gbogbo èèyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó yẹn kọ́ ló ń kán òbí lápá. Owó ilé, owó mọ́tò àti ọdún tó bá ṣòfò ló ń kán an.

Ta ló ni ín, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀

Ìjọba àpapọ̀ ló ni Unilorin. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ Fásitì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976, ó sì gba òmìnira ní 1977. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ló ni KWASU, 2009 ló bẹ̀rẹ̀ ní Málétè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mórò. Àgbàlagbà ni ọ̀kan, ọ̀dọ́ ni èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti wá: àgbàlagbà ní ilẹ̀, ó ní orúkọ, ó ní ìwé àti èèyàn púpọ̀; ọ̀dọ́ ní àyè.

Owó

Ìlànà ìjọba kò gba fásitì ìjọba àpapọ̀ láyè láti gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ ń san ní Unilorin ni àwọn owó kéékèèké tí wọ́n kó pọ̀: ti ìdánwò, ti ilé-ìkàwé, ti ìlera, ti yàrá ìṣàyẹ̀wò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. KWASU ń gba owó ẹ̀kọ́, ohun tí ẹ máa san lápapọ̀ sì máa ń ju ti Unilorin lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara ń san dín ju àlejò lọ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ tètè lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ tó dé orí ìlà. Mo ti rí ọmọ Ìrẹ́pọ̀dùn kan tó ń sáré wálé láti Ìlọrin tòun ti òógùn lára nítorí ìwé kan ṣoṣo yìí.

Mi ò kọ iye owó kankan síbí, torí ó ń yí lọ́dọọdún, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì. Orí pọ́tà ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yáwó NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, wà fún ọmọ ilé-ìwé méjèèjì, torí pé ti ìjọba ni wọ́n. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ tuntun. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun, kò sí èlé lórí rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ sì ni wọ́n tó ń retí pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Àwọn bàbá kan ní ilé wa kò fẹ́ gbọ́, wọ́n ní gbèsè ni. Gbèsè ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní èlé sàn ju èyí tí ìyá ọmọ ń lọ jẹ ní ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù láìjẹ́ kí bàbá mọ̀.

Ilé: ibi tí owó ti ń jò

Ilé-ìgbé inú ọgbà kì í tó gbogbo èèyàn ní ibi méjèèjì. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, ọmọ yín máa jáde lọ gba yàrá.

Ti Unilorin, Tánkẹ́ ni: Òkè-Odò, Tíípà Gáréèjì, Sanrab àti àyíká wọn. Yàrá kan tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́fù-kọ́ńtéènì, ni gbogbo ọmọ ń fẹ́. Iye tí wọ́n bá pè lẹ́nu kọ́ ni ẹ máa san. Owó àjẹ́ńtì wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó kọ́ṣọ̀n tó jẹ́ pé ẹ lè má rí i gbà padà náà wà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé kún owó ilé lọ́kàn yín kí ẹ tó máa ná an.

Ẹ sì wo omi. Oṣù keje ni mo lọ wo yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà níbí. Kànga kún débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ bù ú, àjẹ́ńtì náà na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi á sú yín níbí." Oṣù kẹta dé, mo ju dọ̀rọ́ sísàlẹ̀, mo gbọ́ "kò!" Òkúta ló bá. Ẹrẹ̀ pupa díẹ̀ ló bá a gòkè, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn títí òjò fi dé, lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni mo ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá mẹ́wàá, nígbà tí àjẹ́ńtì kò gbé ìpè mi mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá máa wo ilé ní Tánkẹ́, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àyè yẹn kò bá sí, ẹ má bi onílé. Ẹ bi obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní iwájú ilé pé níbo ló ti ń pọn omi nínú oṣù kẹta.

Owó yàrá sábà máa ń rọjú ní Málétè ju ti Tánkẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń fi ẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì. Ìlú kékeré ni. Ìyá tó ń bẹ̀rù ariwo àti fàájì Ìlọrin máa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yín máa rà ní Ọjà-Ọba tàbí Ìpàtà fún iye kan, ó lè jẹ́ iye méjì ni wọ́n máa pè é fún un níbẹ̀, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ ní in. Ẹ máa di garí, ìrẹsì àti ẹ̀wà fún un láti ilé.

Mọ́tò

Ẹ wá dúró sí Òkè-Odò ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà tí ilé-ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà àwọn ọmọ tó ń retí bọ́ọ̀sì ọgbà á gùn, kò ní lópin lójú yín. Ẹni tó ní ìdánwò aago mẹ́jọ á máa wo aago, á máa wo ìlà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá dé, ìlà á tú. Ilẹ̀ Unilorin tóbi, ọgbà ńlá náà sì jìnnà sí ìgboro. Láti Tánkẹ́ pàápàá, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Ẹ ṣe ìṣirò owó mọ́tò lọ-àti-bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo ti ṣe é fún ọmọ àbúrò ìyá mi lórí ẹ̀yìn ìwé kan. Nígbà tí mo fi kún owó ilé Tánkẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀dínwó Unilorin ló wọmi.

Ẹni tó wà ní Málétè kò ní wàhálà yìí, àfi tó bá ní Ìlọrin lòun fẹ́ máa gbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á láyè. Láti Ìlọrin, kí èèyàn kọjá Ṣàó títí dé Málétè lójoojúmọ́, ìrìn àjò ni. Fún àwa ará gúúsù Kwara, ẹ rántí pé ọmọ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Ìlọrin, kó tó tún wọ mọ́tò mìíràn. KWASU ní ọgbà ní Òsì àti Ìléṣà-Bàrùbá pẹ̀lú, nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó kọ orúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀: ọgbà wo gan-an ni ẹ̀ka yìí wà?

Ìyanṣẹ́lódì

Ohun tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ni pé Unilorin kì í yanṣẹ́ lódì. Òótọ́ tó ti gbó ni. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọdún 2001, wọ́n lé olùkọ́ 49 kúrò níbẹ̀, ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, àwọn olùkọ́ sì jàre. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, Unilorin ń kọ́ ọmọ nígbà tí àwọn yòókù ti ilẹ̀kùn, òbí sì ń rọ́ wá láti ìpínlẹ̀ gbogbo. Lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ padà sínú ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni, Unilorin wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọ́ aṣọ rírán parí nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Gómìnà ni olówó KWASU, kì í ṣe Àbújá, nítorí náà ìjà Àbújá kì í fi gbogbo ìgbà kàn án. Kò túmọ̀ sí pé kò lè rí ìjà tirẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ètò owó fún ọdún mẹ́rin, ẹ fi ọdún kan sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ibi yòówù kí ẹ lọ.

Kọ́ọ̀sì ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó, ìṣègùn ẹranko, ìmọ̀ oògùn: Unilorin, ẹ má jẹ́ kí á máa bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni tirẹ̀ ní Òkè-Òsè, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, KWASU ni kó wò. Ó wà lára ohun tí ilé-ìwé náà fi ń yangàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ń fi dandan kọ́ ọmọ ní òwò dídá sílẹ̀. Àwọn kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín, èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Fún àwọn kọ́ọ̀sì tó wà níbi méjèèjì, irú bí òfin, ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ èdè, ẹ má wo orúkọ ilé-ìwé. Ẹ wo ìwé àṣẹ NUC, àjọ tó ń ṣe àbójútó fásitì, lórí kọ́ọ̀sì náà. Èyí tó pé pérépéré, ọdún márùn-ún ni. Èyí tí wọ́n fún ní àyè díẹ̀ láti tún ara ṣe, ọdún méjì ni. Tí ilé-ìwé bá ń dá yín lóhùn yíyípo nígbà tí ẹ béèrè èyí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ní tèmi, ọmọ tó ń tijú, tí kì í lè nàwọ́ béèrè ọ̀rọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí kíláàsì bá ti kéré jù.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Al-Hikmah ní Ìlọrin (2005), Landmark ní Òmù-Àrán (2011), Summit ní Ọ̀fà (2015): ti aládàáni ni gbogbo wọn, owó wọn ga, NELFUND kò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lè wò wọ́n. Kwara Poly àti Federal Poly Ọ̀fà kì í ṣe ibi ìtìjú rárá. Ọmọ tí JAMB rẹ̀ kò gbé e lè gba ND níbẹ̀, kó wá fi Direct Entry wọ ọdún kejì fásitì.

Bí ẹ bá ti yàn tán

Ó ti pẹ́ tí Unilorin ti ń béèrè máàkì 180 nínú 400 ti JAMB, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe àyànfẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ sí ipò kejì kàn ń fi àyè ṣòfò ni. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni ẹ nílò, Gẹ̀ẹ́sì á wà níbẹ̀; ti Ìṣirò, ẹ wò ó bóyá kọ́ọ̀sì yín ń béèrè rẹ̀. Bí orúkọ bá jáde, ẹ wọ CAPS, ibi tí èèyàn ti ń gba àyè tí wọ́n fún un, lórí pọ́tà JAMB kí ẹ tẹ̀ pé ẹ gbà. Ọmọ tó kàn ń yọ̀ kiri àdúgbò láìtẹ̀ ẹ́ lè pàdánù àyè rẹ̀. Káàdì SIM tí ẹ fi ṣe JAMB náà, ẹ má tà á, ẹ má yá ẹnikẹ́ni, ẹ sì má jẹ́ kí àbúrò ọmọ náà yọ ọ́ fi gba dátà.